"Have a look", "look up", "look into": Bí A Ṣe Ń Lo Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Wíwo Ráńpẹ́

Lónìí, ẹ jẹ́ ká gbé kòkòrò, ìràwọ̀ àti kẹ́míkà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ká wo èdè tí a fi ń kọ wọ́n sílẹ̀.

Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ̀wé sí ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ pé: "I looked into the problem." Ọ̀gá kà á, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó gbà pé ẹnì kan ti tú ọ̀rọ̀ náà délẹ̀délẹ̀. Kẹ́ ẹ sì wá wò ó o, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe ò ju pé ó ṣí Google lórí fóònù, ó ka ìlà mẹ́ta, ó sì pa á dé. Kò ní i lọ́kàn láti parọ́. "Mo ti wò ó" ló fẹ́ sọ. Àmọ́ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ sọ ni "mo ti wádìí ẹ̀." Àárín "mo wò ó" àti "mo wádìí ẹ̀" jìn bí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ṣe jìn sí Èkó.

Ẹ̀kọ́ òní kò le. Ó kàn gba kí èèyàn fara balẹ̀ ni.

Iṣẹ́ wà lára ọ̀rọ̀ kékeré

Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ ló ń yí padà. A ń wo àwòrán. A ń wá kọ́kọ́rọ́. A ń tú àpò. A ń yẹ ọkọ̀ wò. A ń yọjú wo ọmọ tó ń sùn. A ń wádìí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́fà, iṣẹ́ mẹ́fà, ohun tí a ń wò sì máa ń tẹ̀ lé e láìsí alárinà kankan.

Gẹ̀ẹ́sì ò rí bẹ́ẹ̀. "Look" kan ṣoṣo ló sábà máa ń mú, ọ̀rọ̀ kékeré ẹ̀yìn ẹ̀ ló ń pààrọ̀. "Look at" ni wò. "Look for" ni wá. "Look into" ni wádìí. Torí náà, tí ẹni tó ń ronú ní Yorùbá bá sọ pé "Let me look it", kì í ṣe pé orí ẹ̀ ò pé. "Jẹ́ n wò ó" ló ń túmọ̀, "wò" ò sì nílò "at" kankan. Ẹni tó bá ti mọ ibi tí àṣìṣe ti ń wá, àtúnṣe ò ní nira fún un mọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú wọn níkọ̀ọ̀kan.

1. "Have a look at" àti "take a look at"

Ìtumọ̀ méjèèjì kan náà ni: wò ó ráńpẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn "take", àwọn Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ Bìrìtìkó fẹ́ràn "have". Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì làwa ti kọ́ tiwa, fíìmù Amẹ́ríkà sì wọlé tọ̀ wá bá, nítorí náà ìkan tó bá wù yín nínú méjèèjì, ẹ lò ó.

Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé ni "a" àti "at". "Have a look at the graph" ló tọ̀nà. "Have a look the graph", "have a look on the graph" àti "make a look" kò tọ̀nà. Tí ẹ ò bá dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́ wò, ẹ yọ "at" kúrò: "Can I have a look?" Tí ẹ bá fẹ́ kó tún kúrú sí i, ẹ fi "quick" sí i: "a quick look". A kì í sábà sọ pé "a fast look".

Kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ "have a look" nígbà tí "look" ti wà? Yorùbá gan-an lè là á yé wa. Ẹ wo "tọ́ ọ wò", "dán an wò", "wọ̀ ọ́ wò". "Wò" tó wà níparí yẹn ń jẹ́ kí iṣẹ́ náà fúyẹ́: a ò ní kó o jẹ odindi abọ́, a ní kó o kàn tọ́ ọ wò. Iṣẹ́ kan náà ni "have a" ń ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì: "have a taste", tọ́ ọ wò, "have a try", dán an wò, "have a look", wò ó díẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ "tọ́ ọ wò" ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí tẹ́lẹ̀.

2. "Glance", "peek" àti "glimpse"

"Glance at" kúrú ju "have a look at" lọ. Ojú kàn gba ibẹ̀ kọjá ni: "She glanced at the clock." A tún lè sọ pé "take a glance at". "Have a peek at" ni yọjú wò, bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìdérí ìkòkò díẹ̀, tó sì tètè dé e padà.

"Glimpse" ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. "Glance" jẹ mọ́ wíwò, "glimpse" jẹ mọ́ rírí. Tí ọkọ̀ gómìnà bá sáré kọjá, tí ẹ rí i fìrí, "I caught a glimpse of him" lẹ máa sọ. Wíwò yàtọ̀ sí rírí, àwa Yorùbá mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

3. "Search" àti "search for"

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn méjèèjì yìí, àmọ́ ó lè kó èèyàn sí ìjọ̀ngbọ̀n. "The police searched the bus": ọlọ́pàá tú ọkọ̀ náà. "The police searched for the bus": ọkọ̀ ti dàwátì, ọlọ́pàá ń wá a kiri. Ohun tó tẹ̀ lé "search" ni ibi tí ẹ ń tú; ohun tó tẹ̀ lé "for" ni nǹkan tí ẹ ń wá. Ẹ lè fi méjèèjì sínú gbólóhùn kan: "I searched my bag for the key." Mo tú àpò mi, kọ́kọ́rọ́ ni mo ń wá.

Nítorí náà, tí ẹ bá wá orúkọ kòkòrò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣe kọ ọ́ pé "I searched the insect." Ìyẹn ni pé ẹ tú ara kòkòrò náà bí ẹni ń tú àpò! Ẹ kọ ọ́ pé "I searched for the insect online", tàbí "I did a quick search on the insect."

4. "Look up"

Èyí ni ọ̀rẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. "Look up" ni kéèyàn lọ wá ohun kan pàtó níbi tí wọ́n tò ó sí: ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀, nọ́ńbà nínú fóònù, òṣùwọ̀n átọ́ọ̀mù kan nínú tábìlì. Láti 1913 tí ilé ìtàwé CMS l'Ékòó ti tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde làwọn èèyàn ti ń "look up" ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú ẹ̀, ká tó wá máa sọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì.

Òfin kan wà níbẹ̀. Ẹ lè sọ pé "look up the word" tàbí "look the word up". Àmọ́ tó bá ti di "it" tàbí "them", àárín ló gbọ́dọ̀ wà: "look it up". "Look up it" ò bófin mu. "Look at", "look for" àti "look into" kì í là sí méjì bẹ́ẹ̀: "look at it", "look for it", "look into it" ni títí ayé. Ẹ sì má ṣe fi "to" kún un láìnídìí, torí "look up to someone" ti di pé ẹ ń wo ẹni náà bí àwòkọ́ṣe.

"Google" náà ti di ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọdún 2006 ni ìwé atúmọ̀ Oxford àti ti Merriam-Webster gbà á wọlé. Ẹ lè sọ fọ́rẹ̀ẹ́ yín pé "Just google it." Nínú ìwé àṣekágbá, ẹ kọ "I searched for…", kẹ́ ẹ sì dárúkọ ibi tí ẹ ti wá a.

5. "Look through", "look over", "skim", "scan"

"Look through" ni kéèyàn ṣí ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. (Ẹni tó ń fi ojú sí awò microscope náà ń "look through" rẹ̀, ojú ló ń gba inú ẹ̀ kọjá.) "Look over" ni kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀: "Could you look over my abstract?"

"Skim" wá láti ibi pé kéèyàn máa rẹ́ ọ̀rá orí mílíìkì. Ẹ rántí bí ìyá yín ṣe máa ń fi ṣíbí rẹ́ epo tó léfòó lórí ọbẹ̀: òkè nìkan ló kàn, kò kan ẹran ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá "skim" ìwé, kókó ọ̀rọ̀ ló ń wá. Ẹni tó bá "scan" ojú ìwé, ohun kan pàtó ló ń wá, bíi déètì tàbí orúkọ. Ẹ ṣọ́ra fún "scan" o, torí olójú méjì ni. Ó lè túmọ̀ sí pé ẹ yára gba ojú ibẹ̀ kọjá, ó sì tún lè túmọ̀ sí pé ẹ yẹ ibẹ̀ wò fínnífínní, bí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe ń ṣe. "Peruse" náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ọ́fíìsì wa kún fún "for your perusal", kíkà dáadáa sì ni ìtumọ̀ tí àwọn àgbà èdè mọ̀ ọ́n sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ń lò ó fún kíkà gààràgà.

Sáyẹ́ǹsì ò ní ṣàìyọjú síbí. Ojú wa kì í ṣàn lórí ìlà bí omi. Ńṣe ló ń fò: ó dúró síbì kan fún nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan, ó tún fò síwájú. Ibi kékeré kan láàárín ẹyinjú nìkan ló ń rí lẹ́tà kedere. Ní 2019, Marc Brysbaert, onímọ̀ kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, ó sì rí i pé àgbàlagbà ń ka nǹkan bí 238 ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ìṣẹ́jú kan tó bá ń kà á sínú. Ẹ ṣírò ẹ̀: ìwé ìwádìí tó ní 6,000 ọ̀rọ̀ á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Márùn-ún irú ẹ̀ á gbà ju wákàtí méjì lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá "ka" ìwé márùn-ún láàárín ogún ìṣẹ́jú, kó má kọ "I read five papers." "I skimmed five papers" ni òótọ́ ọ̀rọ̀, kò sì sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

6. "Browse"

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni èyí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé, ẹran tó ń já ewé àti ọ̀mùnú igi jẹ ni wọ́n ń sọ pé ó ń "browse". Títí dòní, onímọ̀ nípa ẹranko á sọ fún yín pé ewúrẹ́ ń "browse", àgùntàn àti màlúù ń "graze", ìyẹn ni pé koríko ilẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Ẹ wo ewúrẹ́ àdúgbò yín: ó já ewé kan níbí, ó já òmíràn lọ́hùn-ún, kò dúró lójú kan. Ohun tí ẹni tó wọ ìsọ̀ aṣọ tí ò ní ohun kan pàtó lọ́kàn ń ṣe náà nìyẹn. Tí ọlọ́jà bá bi yín pé kí lẹ fẹ́, ẹ lè fèsì pé "I'm just browsing."

Lọ́dọ̀ wa, láyé ìgbà tí ilé káfẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbòde, tí àwọn ọmọléèwé ń sanwó òru mọ́jú, "browse" di orúkọ gbogbo ohun tí èèyàn bá ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. "I want to browse my result" yé wa dáadáa ní Iléṣà àti Òṣogbo. Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ni, kò sì burú láàárín ara wa. Tí ẹ bá ń kọ̀wé sí ará ìta, "check my result online" ni kẹ́ ẹ lò, torí èsì ìdánwò yín kì í ṣe ewé tẹ́ ẹ ń já jẹ káàkiri.

7. "Check", "check out", "check on"

"Check" ni kéèyàn rí i dájú: "Check the temperature." "Check out" fúyẹ́, ó sì jẹ́ ti ọ̀rẹ́ sọ́rẹ̀ẹ́: "Check out this video." "Check on" ni kéèyàn lọ wo bí nǹkan tàbí ẹnì kan ṣe ń ṣe sí: "She checked on the patient." Níbí yìí làwa ti máa ń sọ pé "I will come and check you", torí "màá wá wò ẹ́" ló wà lọ́kàn wa. Ará Lọ́ńdọ̀nù tó bá gbọ́ ọ lè rò pé ẹ fẹ́ yẹ ara òun wò bíi dókítà.

8. "Look into"

Ibí ni wíwo ráńpẹ́ parí sí. "Wádìí" ni "look into": wá ìdí, wá ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fara balẹ̀ tú èèrà á rí ìfun inú ẹ̀. Ìyẹn gan-an ni "look into".

Àwa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní àpẹẹrẹ tiwa. Àwọn òṣómàáló, ìyẹn àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, kì í "take a quick look" sí ilé onígbèsè. Wọ́n á lóṣòó síbẹ̀ títí owó wọn á fi pé ni. Tí ẹ bá ti lóṣòó ti ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ lè kọ "I looked into it." Tí ẹ ò bá tíì lóṣòó, ẹ fi "I had a quick look" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Research" náà ń bẹ níbí. A kì í sọ pé "I made a research." "I did some research" ni. Kò sì yẹ ká fi orúkọ yẹn pe ìṣẹ́jú méjì lórí fóònù.

Ọ̀wọ̀ ń kọ́?

Tí ẹ bá ń bá olùkọ́ yín sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, ẹ máa sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wò ó." "Ẹ" ti gbé gbogbo ọ̀wọ̀ náà. Gẹ̀ẹ́sì ò ní "ẹ". Tí ẹ bá kọ "Please look at my work, sir", àṣẹ ló ṣì máa dún bí létí ẹlòmíì, bí "please" tilẹ̀ wà níbẹ̀. Inú ìbéèrè àti inú ọ̀rọ̀ tó mú iṣẹ́ náà fúyẹ́ ni Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ọ̀wọ̀ pa mọ́ sí: "Could you please take a look at my work when you have time, sir?" Bí ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ ṣe rí nínú Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn.

Ṣé ó tó ohun tá à ń pariwo lé lórí?

Ó tó o. Ní July 20, 2014, ọkùnrin kan tó ní Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Nígbà tó di oṣù August, ọ̀rọ̀ kan ń lọ láti orí fóònù kan sí òmíràn pé omi iyọ̀ ni oògùn ẹ̀: ẹ mu ún, ẹ fi wẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn gán-ánní ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù ni, "they glanced at it", wọ́n sì gbé iyọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lóṣù yẹn pé èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nídìí omi iyọ̀. Ká ní wọ́n "looked it up" níbi tó ṣeé gbára lé ni, wọn ì bá ti rí i pé irọ́ ni.

Ẹ wá wo bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe ṣe tiwọn. "They looked for" gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn, wọ́n rí èèyàn 894. "They checked on them": ìgbà bí 18,500 ni wọ́n lọ bá wọn lójúkojú láti mọ̀ bóyá ibà ti mú wọn. Nígbà tó di October 20, 2014, wọ́n kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà. Àárín "glance", "look up" àti "look for", ẹ̀mí èèyàn wà níbẹ̀.

Nínú iṣẹ́ ìwádìí náà, bẹ́ẹ̀ ni. "I had a quick look and found nothing" ò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan. Ìdí nìyí tí ìlànà PRISMA, tí wọ́n gbé jáde ní 2009, fi ní kí ẹni tó bá ń ṣàkójọ ìwádìí sọ ibi tó ti wá a, ọjọ́ tó wá a àti ọ̀rọ̀ tó fi wá a.

Ẹ má fi Yorùbá sílẹ̀ nítorí Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ lè máa rò ó pé ronú-ní-Yorùbá ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Rárá o. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún odindi ọdún mẹ́fà. Wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Yorùbá tó jinlẹ̀ kì í di Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà, tí wọ́n bá ti kọ́ èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì náà dáadáa.

Ó kàn yín

Ẹ fi ọ̀rọ̀ tó yẹ dí àlàfo wọ̀nyí:

1. I don't know this word. Let me ____.
2. The guard ____ my bag, but he found nothing.
3. We ____ fifty cocoa trees and found black pods on twelve. (A wá àmì àrùn lára igi náà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.)
4. Could you ____ my CV, ma? It is only one page.
5. The panel spent six months ____ the matter.

Ìdáhùn rèé: 1, "look it up". 2, "searched". 3, "checked", "glanced at" ò tó fún iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì. 4, "take a look at", "have a look at" tàbí "look over". 5, "looking into". Oṣù mẹ́fà kì í ṣe "a quick look".

Tí ẹ bá gba márààrún, ẹ kú iṣẹ́. Tí ìkan bá ṣì yín lọ́wọ́, ẹ padà sókè lọ "have another look". Kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní Yorùbá: ṣé mo wò ó ni, ṣé mo wá a ni, àbí mo wádìí ẹ̀? Ìdáhùn yẹn ló máa sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó yẹ fún yín.

Ó dìgbà kan ná.